Láti Ìrù La Ti Ń To Ìpẹ́

Àtíìsì ni mí kí n tó di ohun tí mo dà lónìí. Abẹ́ bíríìjì kan ní Èkó ni mo ti ń kọ pátákó: pátákó onídìrí, pátákó ṣọ́ọ̀ṣì, "Ilé yìí kì í ṣe títà" lára ògiri, nọ́ńbà lára dáńfó. Mo mọ bí a ṣe ń fún lẹ́tà ní òjìji kí ó lè dà bí ẹni pé ó yọ jáde lára pákó. Mo mọ irú pupa tó ń fa ojú onímọ́tò láti òkèèrè. Ọmọ ọdún 22 ni mí ní 2014, mo sì gbà pé mo ti mọ iṣẹ́.

Ọdún náà ni àgbà obìnrin kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú pákó tí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé. Wọ́n fẹ́ kí n kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i: "Ẹ má ṣe kọjá ibí. Àwọn ẹranko ń sinmi." Mo kọ ọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n kọ: lẹ́tà pupa gàgàrà, òjìji dúdú, ìlà yẹ́lò yí gbogbo rẹ̀ ká. Nígbà tí wọ́n padà wá, wọ́n tẹjú mọ́ ọn títí, wọ́n wá bi mí léèrè pé, "Ta ni pátákó yìí ń bá jà?"

N kò rí èsì fọ̀. Wọ́n san owó mi pé, wọ́n gbé pákó wọn. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n ní bí mo bá fẹ́ kọ́ bí pátákó ṣe ń sọ̀rọ̀ láìpariwo, kí n wá bá wọn lọ́nà Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ Ajé, kí n má sì mú búrọ́ọ̀ṣì kankan dání.

Màmá ni gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ń pè wọ́n títí dòní. Ilé ìtọ́jú ẹranko igbó ni ibi tí mo bá wọn. Ẹranko tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń nà án sókè fún onímọ́tò létí títì, ọ̀bọ tí ṣéènì ti gé lọ́rùn, ẹyẹ tí wọ́n gé ìyẹ́ rẹ̀: ibẹ̀ ni wọ́n ń kó wọn wá. Dókítà á tọ́jú wọn, èyí tó bá sì yè á padà sí igbó. Iṣẹ́ Màmá ni láti ṣe àwọn ohun àfihàn tí àlejò ń rí, tí ó ń kà, tí ó ń fọwọ́ kàn.

Ọ̀rọ̀ kan wà nídìí iṣẹ́ yìí tó gbà mí ní ọdún kan gbáko kí ó tó yé mi, nítorí náà mo fẹ́ fara balẹ̀ sọ ọ́. Ilé ìtọ́jú kì í ṣe ọgbà ẹranko. Ẹni tó bá lọ sí ọgbà ẹranko, ó lọ wo ẹranko ni. Ní ilé ìtọ́jú, ẹranko tí ara rẹ̀ ń yá gan-an ni kò yẹ kí àlejò rí. Ẹran ìgbẹ́ tí ohùn ènìyàn bá ti mọ́ lára, bí a bá dá a padà sínú igbó, ẹni àkọ́kọ́ tó bá nawọ́ sí i ni yóò gbé e lọ sọ́jà. Ìbẹ̀rù tó ní fún wa ni ààbò rẹ̀, a kò gbọ́dọ̀ fi àánú gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tí kò lè padà sílé mọ́ nìkan, bí igún tí apá rẹ̀ ti ṣẹ́ àti odídẹrẹ́ tí kò lè fò, ni a fi síta. Àwọn yòókù wà lẹ́yìn ògiri. Iṣẹ́ wa ni pé kí àlejò mọ ẹranko tí kò ní fojú rí, kí ó sì fẹ́ràn rẹ̀.

Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, n kò fọwọ́ kan ọ̀dà. Ìwé kan, bírò kan àti aago ọwọ́ ni Màmá kó lé mi lọ́wọ́. Wọ́n fi mí sídìí igi àgbálùmọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó odídẹrẹ́, wọ́n ní kí n máa ka iye ìṣẹ́jú àáyá tí àlejò kọ̀ọ̀kan bá lò níwájú rẹ̀. Ìyá kan lo 4, ó ya fọ́tò, ó kọjá. Ọkùnrin kan kò tilẹ̀ dúró. Ọmọdé kan fi ìka tọ lẹ́tà O yí po, kò ka nǹkan kan. Ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko, àwọn tó kà á dé ìparí kò tó ìka ọwọ́ mi méjèèjì. Ní ìrọ̀lẹ́, Màmá gba ìwé náà, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

"Kí ni wọ́n ń sọ?"

"Màmá, iye àáyá lẹ ní kí n kà."

"Ó dáa. Láti ọ̀la lọ, máa gbọ́."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́. "Ṣé ó ń sọ̀rọ̀?" "Èló ni wọ́n ń tà á?" "Kí ló ṣe tí wọ́n fi tì í mọ́lé?" Lójoojúmọ́, ìbéèrè mẹ́ta yìí kan náà ni, pátákó tí a gbé síbẹ̀ kò sì dáhùn ọ̀kan nínú wọn. Gígùn ẹyẹ náà ló sọ, àti orúkọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gbé, àti orúkọ Látìn rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò jókòó sábẹ́ igi àgbálùmọ̀ rí.

Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, Màmá mú mi lọ sí mùsíọ̀mù ní Oníkàn, èyí tí Kenneth Murray ṣí ní 1957. Mo rò pé ère la lọ wò. Tépù ni wọ́n fà yọ. Wọ́n ní kí n wọn ìjìnnà láti ilẹ̀ dé àárín àkọlé kọ̀ọ̀kan, kí n wo ibi tí iná ti ń wá, kí n wo ibi tí òjìji orí òǹkàwé ń bọ́ sí. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sì rí i pé láti ibi tí ojú ọmọ ọdún mẹ́fà wà, gíláàsì ń dán lójú débi pé kò sí lẹ́tà kan tó hàn. Láti ọjọ́ náà, n kì í kan pátákó mọ́gi láìkọ́kọ́ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ kíkọ bẹ̀rẹ̀. Àkọlé tí mo kọ́kọ́ dá kọ, lórí alábahun, kún ojú ìwé kan àbọ̀. Mo ti ka ìwé kí n tó kọ ọ́, kò sì sí ohun tí mo rí tí n kò fẹ́ kí ayé gbọ́. Màmá ní kí n gbé kẹ́ẹ̀gì omi oní-lítà 10 dání, kí n wà lórí ìdúró, kí n kà á sókè. N kò tíì ka ìdajì tí apá fi ń ro mí.

"Ìyá tó gbé ọmọ tó ti sùn lápá nìyẹn," ni Màmá wí. "Òun lò ń kọ ọ́ fún."

Mo gé e. Wọ́n dá a padà. Mo tún gé e, wọ́n tún dá a padà, wọ́n fi bírò fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í sọ lẹ́nu. Ní ìgbà kẹsàn-án, ó ku ọ̀rọ̀ 46, mo sì lè kà á tán láìgbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀. Síbẹ̀ kò tíì kan pákó. Mo gbé e lọ bá ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè, mo gbé e lọ bá ìyá tó ń ta ẹ̀wà níta, kí wọ́n kà á, kí wọ́n sì fi ẹnu ara wọn tún un sọ fún mi. Ohun tí wọ́n bá gbàgbé, Màmá á ní kí n yọ ọ́. Ohun tí wọ́n bá fi kún un láti inú ìmọ̀ tiwọn, wọ́n á ní kí n fi í sí i.

Màmá ní ìwé kan tí èèpo rẹ̀ ti já, èyí tí Freeman Tilden, ará Amẹ́ríkà, kọ lórí bí a ṣe ń ṣàlàyé igbó àti ibi ìtàn fún àlejò. Ní 1957 náà ló jáde. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n mú jáde níbẹ̀ fún mi: pé kì í ṣe ìmọ̀ ni olórí ohun tí à ń rọ sí àlejò létí, ọkàn rẹ̀ ni kí á ru sókè. Wọ́n ti ìwé náà pa, wọ́n ní ìyókù wà lábẹ́ igi àgbálùmọ̀.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn ni mo jìyà rẹ̀ jù. Ẹni tó ń kọ pátákó lábẹ́ bíríìjì kì í da ara rẹ̀ láàmú pẹ̀lú àmì. Mo kọ IGUN sábẹ́ àwòrán ẹyẹ, Màmá sì béèrè pé, "Igun ilé wo?" Mo pa á rẹ́, mo fi àmì sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan ẹtu, mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo ti gbọ́, mo kàn da àmì lé e lórí láìbi ẹnikẹ́ni: Ẹ̀TÙ. Àkọlé náà ti wà níta fún ọjọ́ mẹ́ta kí ọmọbìnrin kan láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó kà á bí mo ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ó yíjú sí tíṣà rẹ̀. "Ṣé ara ẹran yìí ni wọ́n ti ń rí ẹ̀tù ìbọn ni, mà?"

Ojú tì mí kọjá àlà. Ẹran tí ìbọn ń lé káàkiri igbó, èmi ni mo fi orúkọ ohun tó ń pa á pè é. Màmá kò bú mi. Wọ́n nawọ́ sáńpépà sí mi, wọ́n sì dúró tì mí títí mo fi ha ọ̀dà náà dé ojú igi. Láti ìgbà náà, bí mo bá fẹ́ fi àmì kan sórí ọ̀rọ̀, mo máa ń pe ọ̀rọ̀ náà sókè lẹ́ẹ̀mẹta, bí ó tilẹ̀ jẹ́ orúkọ tí mo ti mọ̀ láti kékeré.

Ọdún kejì ni wọ́n jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ohun tí a ń fọwọ́ kàn. Ojú ẹsẹ̀ ẹranko ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ní ìdájí, kí oòrùn tó gbẹ ilẹ̀, a ó lọ sẹ́bàá àbàtà, a ó máa wá ibi tí ẹranko ti kọjá lóru. Bí a bá ti rí ojú ẹsẹ̀ tó dá ṣáká, a ó gé páálí bí àmùrè, a ó fi yí i ká, a ó tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlẹ̀ díẹ̀. A ó wá po POP. Bí ẹni ń ro àmàlà ni: ìyẹ̀fun là ń dà sínú omi, a kì í da omi lé ìyẹ̀fun. A ó máa fọwọ́ pò ó títí yóò fi ki bí ẹ̀kọ mímu, a ó gbá ìdí abọ́ mọ́lẹ̀ jẹ́jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ẹ̀gbẹ́ ojú ẹsẹ̀ náà ni a ó da á sí, kí ó fúnra rẹ̀ ṣàn wọnú ihò. Láìpẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí gbóná bí ara ẹni tí ibà ń ṣe. Ìgbà tó bá tutù ni a tó lè gbé e.

Ara mi kò balẹ̀ tó láti dúró dìgbà tó tutù. Mo gbé èkíní nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó fọ́ sí méjì. Èkejì kún fún ihò. Ẹ̀kẹta, mo da á láti òkè, ó ba ojú ẹsẹ̀ náà jẹ́. Màmá kò jẹ́ kí n kó wọn dànù. Wọ́n tò wọ́n sójú fèrèsé níbi tí mo ti ń jẹun, mo sì ń wò wọ́n lójoojúmọ́ títí wọ́n fi di 11. Ìkejìlá jáde bó ṣe yẹ. Ojú ẹsẹ̀ ẹtu ni, kékeré, bí awẹ́ obì méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé lẹ́nu. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá ẹrẹ̀ ara rẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀, mo sì rí ibi tí ẹran náà ti yọ̀ díẹ̀ kó tó fìdí múlẹ̀. N kò rí ẹtu náà lójú, ṣùgbọ́n mo mọ bó ṣe gbé ẹsẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Ohun tí Màmá ti ń sọ láti ọdún kan sẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni.

A to àwọn ojú ẹsẹ̀ náà sórí tábìlì gígùn tó mọ ìwọ̀n ọmọdé: ẹtu, ọ̀yà, lẹ́kèélékèé, awọ́nríwọ́n tí ìrù rẹ̀ fa ìlà sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré la kọ sí i lórí: "Ta ló kọjá níbí?" Mo jókòó pẹ̀lú aago mi. Ọmọ àkọ́kọ́ tó dé ibẹ̀, mo kà á dé ìṣẹ́jú mẹ́ta, mo wá pa aago náà.

Ti igún le ju ìyẹn lọ, nítorí inú bí mi nígbà tí mò ń ṣe é. Ní 2015 ni àjọ IUCN gbé igún tiwa yìí, èyí tó wà lára àwọn igún tó kéré jù, tó sì máa ń bà sórí òrùlé ilé ìpẹran, sí ipò àwọn ẹ̀dá tó kù fẹ́ẹ́rẹ́ kí wọ́n run. Májèlé ń pa wọ́n, wọ́n ń gé igi ńlá tí wọ́n ń tẹ́ ìtẹ́ sí, wọ́n sì ń tà wọ́n lọ́jà èlò. Mo fẹ́ fi fọ́tò orí igún gbígbẹ tí wọ́n tò sórí àtẹ kọ́ ògiri, kí n sì kọ ọ̀rọ̀ gbígbóná sábẹ́ rẹ̀.

"Bí o bá bú àlejò lẹ́nu ọ̀nà," ni Màmá wí, "ta ló máa wọlé?"

Wọ́n ní kí n kọ òwe tí gbogbo wa mọ̀, kí n má fi nǹkan kan kún un: Gúnnugún kì í kú léwe. Wọ́n ní kí n fi ayùn gé òjìji igún láti ara pílááì, kí ó na apá rẹ̀ bó ṣe gùn tó gan-an. Apá igún yìí, láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó, ju mítà kan àbọ̀ lọ, ó lè tó 1.8, débi pé àgbàlagbà tó bá dúró níwájú rẹ̀ tó na apá tirẹ̀ á mọ irú ẹni tó ń bá fẹ̀gbẹ́ kẹ́gbẹ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a gbé pátákó dúdú sí pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, a kọ ìbéèrè kan: "Ìgbà wo lẹ rí igún kẹ́yìn?"

Àwọn ènìyàn kọ ọ́. "Kí wọ́n tó bí àbúrò mi." "Mo wà ní fọ́ọ̀mù tú, lórí òrùlé ilé ìpẹran." Èyí tó pọ̀ jù ni "N kò rí i rí," ọwọ́ ọmọdé ló sì máa ń kọ ọ́. Ní ọjọ́ kan, ìyá kan wá pẹ̀lú àwọn ọmọọmọ rẹ̀. Lékùléja ni wọ́n, wọ́n sọ ọ́ fúnra wọn. Wọ́n ka òwe náà, wọ́n wo òjìji náà, wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n mú ṣọ́ọ̀kì, wọ́n kọ ọ́ pé: "Wọn ò kó o wá sọ́jà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Mo ti ń wòye." Nígbà tí wọ́n lọ, Màmá ní kí n mú ọ̀dà funfun àti búrọ́ọ̀ṣì tó kéré jù, kí n tọ ọwọ́ ìyá náà lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, kí ẹnikẹ́ni má lè pa á rẹ́. Ó gbà mí ní ọ̀sán kan. Kò sí àkọlé tí èmi fúnra mi kọ tó lágbára tó o.

Akika ni mo fẹ́ sọ tipẹ́.

Lójú tèmi, kò sí ẹranko tó ṣòroó fi hàn bí i tirẹ̀. Òun ni wọ́n ń gbé wá jù, òun sì ni àlejò kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ rárá, nítorí ìdààmú nìkan tó láti pa á. Kò ní eyín. Èèrà àti ikán ló ń jẹ, ahọ́n gígùn tó ń lẹ̀ ló fi ń kó wọn. Bí ewu bá dé, yóò ká ara rẹ̀ bí bọ́ọ̀lù, ìpẹ́ rẹ̀ á wà níta, ikùn rẹ̀ tó rọ̀ á wà nínú. Àmọ̀tẹ́kùn á já a títí, yóò rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ènìyàn ní ọwọ́, yóò kàn bẹ̀rẹ̀, yóò gbé e bí ẹrù tí wọ́n ti dì sílẹ̀. Tọ́ọ̀nù tọ́ọ̀nù ìpẹ́ ni àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ti gbà ní Èkó lọ́nà òkè òkun. Ní 2016, àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Johannesburg, wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé kí òwò gbogbo irú akika mẹ́jọ tó wà láyé dópin láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Ọdún náà ni Màmá ní kí n ṣe akika kan tí àlejò lè gbé lọ́wọ́.

Mo sọ fún wọn pé n kò rí akika láàyè rí. Dókítà gbà kí n rí i lẹ́ẹ̀kan, ní ìrọ̀lẹ́, ní ogún ìṣísẹ̀, láìgbin. Olùtọ́jú kan ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ó ṣe ń wá èèrà kiri. Mo gbọ́ ìró ìpẹ́ rẹ̀ lára èèpo igi kí n tó rí i. Ó dúró, ó fi imú yẹ ilẹ̀ wò, ó gbé ọwọ́ iwájú méjèèjì sókè sí àyà bí ẹni tó ń ro nǹkan, ó tún ń lọ. N kò ya àwòrán kankan. Ìrìn náà ni mo gbé lọ sílé.

Bàbá agbẹ́gilére kan láti Ọ̀yọ́ ló kọ́ mi ní gbígbẹ́ ara rẹ̀, nítorí Màmá ní àwọn kò mọ igi gbẹ́, àwọn kò sì ní fi ohun tí àwọn kò mọ̀ kọ́ ọmọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni bàbá náà lò lọ́dọ̀ wa. Igi tí kò le jù la lò, irú èyí tí àwọn agbẹ́lù ń fẹ́. Wọ́n kọ́ mi pé kí n máa yí igi náà sí ọ̀dọ̀ ọ̀bẹ, kí n má máa yí ọ̀bẹ sí ọ̀dọ̀ igi. Akika tó ká ara rẹ̀ ni a gbẹ́, pẹ̀lú àlàfo kan tí ọwọ́ ọmọdé lè wọ̀, kí ó lè kan ikùn tó wà nínú.

Ìpẹ́ ló kù. Mo dán páálí wò, ó rọ̀ jù. Mo dán páànù wò, ó ń gé ni lọ́wọ́. Màmá ní kí n lọ sí ilé ìpẹran kí n kó ìwo màlúù wá. A rẹ ìwo náà sómi títí egungun inú rẹ̀ fi tú, òórùn rẹ̀ sì lé gbogbo aládùúgbò. A sè é, a fi ayùn là á, a rì í sínú òróró gbígbóná títí ó fi rọ̀ bí awọ, a sì fi kíláǹpù há a sáàárín irin méjì kí ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí fi fáìlì ha á, òórùn kan gba gbogbo yàrá, òórùn èékánná tó jó. Mo dáwọ́ dúró, mo wo ọwọ́ ara mi.

"Imú rẹ ti kà á," ni Màmá wí. "Kí ni wàá wá kọ fún àlejò?"

Àkọlé náà ṣì wà níbẹ̀: "Fọwọ́ kan ìpẹ́ yìí. Fọwọ́ kan èékánná rẹ. Ohun kan náà ni." Ìwo màlúù, ìpẹ́ akika àti èékánná wa, ohun kan náà ló wà nínú wọn lóòótọ́. Ẹni tó bá ń ra ìpẹ́ fún oògùn, ohun tó ń rà wà lórí ìka rẹ̀.

Dókítà sọ nǹkan mìíràn fún mi. Ìpẹ́ akika tiwa, ìgbà tó bá wà lọ́mọdé, máa ń ní ṣóńṣó mẹ́ta lẹ́nu. Bó ṣe ń dàgbà, tó ń gun igi, tó ń wọ ihò, ṣóńṣó wọ̀nyẹn á máa jẹ títí wọn á fi rí róbótó. Mo pinnu pé ọmọdé ni tiwa. Mo fi fáìlì gé ṣóńṣó mẹ́ta sẹ́nu ìpẹ́ kọ̀ọ̀kan, mo fi sáńpépà tútù nù ún, mo fi eérú àti àdín dán an. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá yá, mo lè ṣe mẹ́fà.

Nígbà tí mo ní tó 200, mo bẹ̀rẹ̀ sí lẹ̀ wọ́n mọ́ igi. Orí ni mo ti bẹ̀rẹ̀, nítorí orí lojú mi kọ́kọ́ rí. Ní oṣù kejì Màmá wá, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ wọn ra á láti orí lọ sí ìrù. Ó há mọ́ wọn lọ́wọ́.

"Ṣé o ti gun òrùlé rí?"

A jáde síta. Wọ́n tọ́ka sí òrùlé ilé ìdáná. Ẹni tó kan páànù náà, ìsàlẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, tó fi ti òkè bo ti ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀, kí omi lè máa sọ̀ kalẹ̀. Ìpẹ́ akika ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: ti iwájú ló bo ti ẹ̀yìn. Ẹni tó bá fẹ́ tò ó, láti ìrù ni. Mo mú ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́, mo ṣí gbogbo rẹ̀ kúrò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fọ́. Mo padà sí ilé ìpẹran.

Ọdún kan ó lé oṣù méjì ni mo fi ṣe akika náà. Ìpẹ́ ara rẹ̀ lé ní 800. Nígbà tí mo fi ìpẹ́ tó kẹ́yìn sórí imú rẹ̀, Màmá tún fi àtẹ́lẹwọ́ ra á, láti orí lọ sí ìrù. Ó lọ geere. Wọ́n dì í mú díẹ̀, wọ́n gbé e fún mi. "Gbé e lọ síta," ni wọ́n wí. Kò sí ìyìn tí wọ́n fún mi rí tó ju ìyẹn lọ, n kò sì retí jù bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ tí a jọ ṣe kẹ́yìn kò ní ohun èlò púpọ̀. Yàrá kékeré kan ni, gẹ́gẹ́ bí yàrá ìtọ́jú tó wà lẹ́yìn ògiri: ewé gbígbẹ nílẹ̀, ẹ̀ka igi, abọ́ omi, ìwé tí olùtọ́jú ń kọ ìwọ̀n ẹranko sí. Ẹranko kò sí níbẹ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu sí apá igbó. Èmi ni mo kọ àkọlé rẹ̀, Màmá kò sì gé ọ̀rọ̀ kan kúrò nínú rẹ̀: "Ó ti padà sílé." Àwọn àlejò máa ń yọjú, wọ́n á béèrè pé ẹranko dà, wọ́n á ka àkọlé náà, wọ́n á dákẹ́. Mo ti rí ọkùnrin kan tó bọ́ fìlà níbẹ̀.

Ní 2021, Màmá fi iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́. A kò ṣe ayẹyẹ fírídọ̀ọ̀mù. Tépù tí wọ́n fà yọ ní Oníkàn ni wọ́n fún mi, tí nọ́ńbà iwájú rẹ̀ ti pa rẹ́. Èmi náà ti ní ọmọ ìkọ́ṣẹ́ méjì báyìí. Oṣù mẹ́fà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kọ́kọ́ lò lábẹ́ igi àgbálùmọ̀.

Lọ́dún tó kọjá ni Màmá wá kí wa. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, ọmọ wọn ló dì wọ́n lọ́wọ́ mú. Wọ́n bá wa nídìí akika. Ọwọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ti ra á débi pé ṣóńṣó mẹ́ta ẹnu ìpẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ti jẹ tán, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi sì ti mú fáìlì láti tún wọn gé. Màmá jókòó, wọ́n ní kí á gbé e fún àwọn. Wọ́n gbé e lé itan, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ra á láti orí lọ sí ìrù, wọ́n tún padà sórí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n fi ìka wá ṣóńṣó, wọn kò rí i.

"Ó ti dàgbà," ni wọ́n wí. "Ẹ gbé fáìlì yẹn padà."